Ta Ló Dá Ọjọ́? Ayẹyẹ Ìgbà Òjò àti Ìtàn Ìbàdàn Tuntun

Ìfáárà

Ní 1961 àti ní 1962, ẹgbẹ́ Mbari, tí ibùjókòó rẹ̀ wà nítòsí ọjà Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà fún àwọn olùkọ́ àti àwọn mìíràn tó nífẹ̀ẹ́ sí àwòrán yíyà. Julian Beinart, ayàwòrán-ilé ọmọ South Africa, ni ó darí rẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, “ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn” ni yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti oṣù Òkúdù títí dé Ọwẹ́wẹ̀, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìbàdàn. Òjò ni ó ń rọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé wá sí àárín ìgbà òjò ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ rẹ̀ kò sì yí padà lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tọ́ka sí ibi tí ọjọ́ náà ti wá. Kàlẹ́ńdà yunifásítì, èyí tí a jogún lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù, ni ó sọ oṣù mẹ́ta àárín ọdún di ìgbà ìsinmi. Oṣù wọ̀nyẹn kan náà ti ní ẹni tó ni wọ́n kí yunifásítì tó dé, nítorí pé láàrin Òkúdù àti Agẹmọ ni ọdún Egúngún máa ń bọ́ sí ní Ìbàdàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìlú kan ṣoṣo ń lo kàlẹ́ńdà méjì ní àkókò kan náà, ọ̀kan láti ẹnu Ifá, èkejì láti ọ́fíìsì akọ̀wé yunifásítì.

Ìtàn àṣà ní Ìbàdàn tuntun, láti Dùgbẹ̀ dé Bódìjà, láti Ring Road dé Àgbowó, ni a sábà máa ń kọ ní ìtàn àwọn ilé àti àwọn gbajúmọ̀. A máa ń bèèrè ẹni tó kọ́ gbọ̀ngàn, ẹni tó kọ eré, àti ọdún tí wọ́n ṣí i. Àròkọ yìí gbé ìbéèrè méjì mìíràn kalẹ̀: ta ló dá ọjọ́, ta ló sì san owó? Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ayẹyẹ tí àwọn ará ìlú fúnra wọn bá dá ọjọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń ti àpò ara wọn náwó sí, ni ó máa ń padà wá ní ọdún tó tẹ̀lé e. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ àti owó rẹ̀ bá ti òde wá lè dára púpọ̀, ó sì lè lókìkí káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ìlú kò ní lè dì í mú nígbà tí nǹkan bá yí.

Ìlú kan, kàlẹ́ńdà méjì

Àwọn jagunjagun ló tẹ Ìbàdàn tí à ń wò lónìí dó ní nǹkan bí 1829. Ọjà'ba àti àwọn agbo ilé tó yí òkè Mápó ká ni ọkàn ìlú nígbà náà. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin dé láti Èkó, ibùdókọ̀ rẹ̀ sì wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú. Àwọn ilé-iṣẹ́ òwò òyìnbó àti àwọn oníṣòwò Lébánónì tẹ̀ lé e wá sí Gbági àti Dùgbẹ̀. Akin Mábògùnjẹ́, onímọ̀ jọ́gíráfì tó fi Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó ṣàlàyé fún ayé pé ìlú yìí ní ọkàn méjì, ọ̀kan ní Ọjà'ba, èkejì ní Dùgbẹ̀, àti pé èkejì kò pa èkíní.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkàn kejì yìí gbòòrò kánkán. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní 1948 ní Ẹlẹ́yẹlé, kó tó ṣí lọ sí ìhà àríwá ìlú, níbi tí Àgbowó ti dojú kọ ẹnubodè rẹ̀ lónìí. Arts Theatre inú ọgbà náà ṣí ní 1955. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní 1959, ó ṣí pápá ìṣeré Liberty ní Ring Road ní 1960, ó sì ń kọ́ àwọn ilé ìgbé fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀mọ̀wé ní Bódìjà láàrin àkókò kan náà. Nígbà tí Cocoa House, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965, kò sí ẹni tó lè ṣiyèméjì mọ́ pé Ìbàdàn kejì ti wà.

Àmọ́ Ìbàdàn àkọ́kọ́ kò fi ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ni ọdún Òkè'Badan máa ń wáyé. Abọ́kẹ̀ ni ó ń kéde ọjọ́ náà, ọjà a sì pa, a kò sì gbọdọ̀ dáná. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọdún Egúngún dé. Àwọn àgbà eléégún yóò difá, wọn yóò sì gbọ́ ohun tí Ifá wí kí wọ́n tó kéde ọjọ́. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó ń rán ẹ̀kú tirẹ̀, ó ń bọ́ àwọn onílù tirẹ̀, ó sì ń ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún àwọn ọmọ ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí ní òkè òkun a máa fi owó ránṣẹ́ sílé nítorí ọjọ́ náà. Olóòlù àti Alápáńsánpá kò nílò káàdì ìpè. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà ni òǹwòran, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ni àwọn obìnrin máa ń wà bí Olóòlù bá ń kọjá.

Kàlẹ́ńdà kejì yàtọ̀. Sáà ẹ̀kọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ó sì parí ní oṣù kẹfà gẹ́gẹ́ bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìgbòkègbodò sáà bá wà, eré ń lọ ní Arts Theatre. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe eré Wọlé Ṣóyínká méjì, The Swamp Dwellers àti The Lion and the Jewel, ní 1959. Nígbà tí sáà bá parí, ọgbà a dá. Ìgbà òjò di àkókò tí àwọn olùkọ́ àti àwọn òǹkọ̀wé ráyè. Inú àlàfo yẹn ni Mbari wọ̀.

Àgbàlá Mbari

Ilé oúnjẹ àwọn ará Lébánónì kan tẹ́lẹ̀, tó ní àgbàlá gbalasa láàrin rẹ̀, ni ẹgbẹ́ náà fi ṣe ilé ní 1961. Ulli Beier wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú Ṣóyínká, Christopher Okigbo, J. P. Clark, Chinua Achebe, Mabel Segun àti Ezekiel Mphahlele tó sá kúrò lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa. Achebe ló dá orúkọ náà lábàá. Láti inú àṣà àwọn Igbo agbègbè Owerri ni ó ti wá, níbi tí ìlú ti máa ń kó ọ̀dọ́ jọ láti fi amọ̀ mọ ilé ère ńlá fún òrìṣà ilẹ̀, tí wọn yóò sì jẹ́ kí òjò wó o nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí. Iṣẹ́ ṣíṣe ni ó níyì lójú wọn ju ilé tó kù sílẹ̀ lọ.

Ní oṣù Agẹmọ ọdún náà, àwòrán Uche Okeke àti Demas Nwoko ni wọ́n fi ṣí ilé. Ní 1962, iṣẹ́ Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára ògiri ibẹ̀. Ẹgbẹ́ náà tún ń tẹ ìwé. Heavensgate tí Okigbo kọ jáde níbẹ̀ ní 1962, bẹ́ẹ̀ náà sì ni A Walk in the Night láti ọwọ́ Alex La Guma, òǹkọ̀wé South Africa tí ìjọba ìlú rẹ̀ ń lé kiri. Fún àkókò díẹ̀, ẹsẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ata àti ẹja gbígbẹ, ni àwọn òǹkọ̀wé tí ayé yóò máa kà ní ìran tó tẹ̀ lé e ti ń ka iṣẹ́ wọn síta fún ara wọn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, ìbéèrè méjèèjì ṣì wà nílẹ̀. Ìsinmi yunifásítì ló dá ọjọ́ ètò ìgbà òjò rẹ̀. Owó ńkọ́? Láti ọ̀dọ̀ Congress for Cultural Freedom àti Farfield Foundation ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, nígbà tó sì di 1966 sí 1967, àṣírí tú nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà pé CIA, ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orílẹ̀-èdè náà, ló ń ti ẹ̀yìn bọ́ wọn. Èyí kò sọ iṣẹ́ Okigbo tàbí ti La Guma di iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ó fi hàn ni pé àwọn alápatà, àwọn alájàpá àti àwọn oníṣòwò aṣọ Dùgbẹ̀, tí wọ́n ń kọjá níwájú ilé náà lójoojúmọ́, kò náwó sí i, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n ní ọjọ́ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà hàn. Dúró Ládiípọ̀ ṣí Mbari tirẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà 1962, nínú ilé tirẹ̀, pẹ̀lú eré Ọba Mọ́rò. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi gba orúkọ Igbo náà, tí wọ́n sì sọ ọ́ di Yorùbá: Mbari Mbayọ̀, bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Nígbà tí Georgina Beier ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní 1964, àwọn ọ̀dọ́ òṣèré àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó wá, àwọn bíi Twins Seven-Seven, Jímọ̀h Bùráímọ̀ àti Muraina Òyélámì. Wọn kò kàwé iṣẹ́ ọnà níbìkan rí. Orúkọ tí ìlú bá ti fi ahọ́n ara rẹ̀ pè ti di ti ìlú. Ní Dùgbẹ̀, Mbari ni orúkọ náà jẹ́ títí dópin.

Ọjọ́ kan ní Ring Road

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Ògún 1963, ìlú Ìbàdàn gbàlejò irú ayẹyẹ mìíràn. Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Igbo tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu, dojú kọ Gene Fullmer ọmọ Amẹ́ríkà ní pápá ìṣeré Liberty. Tiger ti gba ìgbànú àgbáyé lọ́wọ́ Fullmer ní San Francisco ní oṣù kẹwàá 1962. Ní Las Vegas, ní oṣù Èrèlé 1963, wọ́n jà á sí ọ̀mì. Ti Ìbàdàn ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ìpele keje, àwọn ènìyàn Fullmer fúnra wọn dá ìjà náà dúró. Kò tíì sí irú ìjà ipò àgbáyé bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí.

Ogunlọ́gọ̀ tó wá sí Ring Road lọ́jọ́ yẹn kò jọ àwọn tó ń jókòó nínú àgbàlá Mbari. Kò sí ẹni tó nílò ìwé ẹ̀rí kó tó lè lóye ẹ̀ṣẹ́. Ní ti ẹni tó lè wọlé, pápá náà súnmọ́ ọdún Egúngún ju Mbari lọ. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní òkè òkun ló dá ọjọ́ náà, ìjọba sì ni ó kọ́ pápá tí wọ́n ti jà. Nígbà tí Fullmer wọ ọkọ̀ òfúrufú padà, ìjà náà kò fi àṣà kankan sílẹ̀ tí yóò tún mú un wá ní oṣù Ògún ọdún kejì. Ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ni, kò di ọdún. Pápá náà ṣì wúlò lẹ́yìn náà. Ó gba díẹ̀ nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní 1999, orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó sì ń jẹ́ láti 2010. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà, ó ń dúró de ẹni tí yóò ti ibòmíràn mú ọjọ́ wá.

Àwọn tó ń dá ọjọ́ fúnra wọn

Irú kẹta wà láàrin ọdún Egúngún àti Mbari. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó ìgbàlódé, tí Hubert Ògúnǹdé ṣíwájú wọn láti 1944, kò tẹ̀ lé Ifá, wọn kò sì tẹ̀ lé yunifásítì. Ọjọ́ ọjà, ìparí oṣù tí òṣìṣẹ́ gbowó, àti àkókò tí kòkó bá wọlé tí owó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ni wọ́n fi ń dá ọjọ́. Owó ìwọlé ni wọ́n ń jẹ.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá fún wa ní àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù. Owó Rockefeller Foundation ló gbé e dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn fún oṣù mẹ́fà. Ibẹ̀ ni òun àti Demas Nwoko ti sọ ìwé Amos Tutùọlá nípa ọ̀mùtí ẹlẹ́mu di eré Yorùbá, tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní Arts Theatre ní oṣù Igbe 1963. Títí dé ibẹ̀, ọjọ́ yunifásítì àti owó òkèèrè ni. Bí eré náà bá dúró nínú ọgbà, ó ṣeé ṣe kí ó parí pẹ̀lú sáà. Ògúnmọ́lá gbé e jáde. Ó gbé e káàkiri ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òǹwòran ń sanwó rẹ̀ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, títí tó fi ṣe é ní Algiers ní 1969 níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà. Ohun tí owó àjèjì bẹ̀rẹ̀, àpò ará ilé ni ó gbé e dúró.

Ti Ògúnǹdé fi ewu tó wà níbẹ̀ hàn. Ní 1964, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà nítorí eré Yorùbá Ronú. Ìbàdàn, olú-ìlú ẹkùn, di ìlú tí kò lè wọ̀ ṣeré. Òfin náà wà títí di 1966 tí ìjọba ológun mú un kúrò. Ẹgbẹ́ náà kò kú, nítorí pé Èkó àti àwọn ìlú mìíràn ṣì wà tí wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọba kan náà tó fòfin dè é ló ń bọ́ ọ, ohùn rẹ̀ ì bá ti dákẹ́ ní ọdún náà.

Ìgbà òjò 1966

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Agẹmọ 1966, àwọn sójà yí ilé ìjọba ní Àgodi ká. Wọ́n mú olórí orílẹ̀-èdè, Aguiyi-Ironsi, àti gómìnà tó gbà á lálejò, Adékúnlé Fájuyì, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ironsi ti wá bá àwọn ọba àti àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ ní ìlú náà ni. Láàrin oṣù mélòó kan, àwọn Igbo tó wà ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù lọ sí Ìlà-Oòrùn. Okigbo wà lára wọn. Ogun pa á ní 1967. Ní oṣù Ògún ọdún yẹn kan náà, wọ́n mú Ṣóyínká, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe, wọ́n sì há a mọ́ fún ohun tó lé ní ọdún méjì.

Nítorí náà, ogun àti ìtúká àwọn ọ̀rẹ́ ni a sábà máa ń kà sí ìdí tí àgbàlá Mbari fi dá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Owó òkèèrè ti ń di ìtìjú ní àkókò náà gan-an, kò sì sí àpò mìíràn nílé tí yóò rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí àwọn mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó mọ ìdí ẹgbẹ́ náà túká, kò sí ìdílé, kò sí ẹgbẹ́ ọlọ́jà, kò sí àdúgbò tó lè sọ pé, “Ọjọ́ wa ti tó, ẹ jẹ́ ká ṣí ilé.” Àwọn ará Owerri máa ń jẹ́ kí òjò wó Mbari wọn nítorí pé wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ wọn yóò mọ òmíràn. Ti Dùgbẹ̀ wó, ẹnikẹ́ni kò sì mọ òmíràn síbẹ̀.

Bódìjà àti Àgbowó lóde òní

Ìbéèrè yìí ṣì wà láàyè. Nwoko yàwòrán Gbọ̀ngàn Àṣà tó wà lórí òkè Mọ́kọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ilé tó dára jù ní ìlú náà. Ilé wà, ọjọ́ ni kò ní. Ẹni tó bá yá a fún ìgbéyàwó tàbí ìpàdé ni ó ń mú ọjọ́ wá. Ní Ring Road àti ní Sámọ́ńdà, àwọn ilé ìtajà ńlá bíi Palms àti Ventura ti di ibi tí ìdílé ń kó ọmọ lọ ní ọlidé. Ní Bódìjà, láti ìparí oṣù Agẹmọ tí ilé-ìwé bá ti pa, ẹ̀kọ́ àfikún tí òbí ń sanwó fún ni ó ń gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọdé.

Àgbowó ni ó jìyà kàlẹ́ńdà àyálò jù. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Èrèlé títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá 2022, sáà ẹ̀kọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Adúgbò tó bá fi wíwá àti lílọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe òdiwọ̀n ọjà, orin àti ìpàdé rẹ̀ kò lè mọ ìgbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀. Ní ìhà kejì ìlú, ìyanṣẹ́lódì kò lè yí ọjọ́ tí Ifá bá mú padà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí Bódìjà lọ di Òde Ajé tàbí Bẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé Ìbàdàn tuntun kò ní ìdílé eléégún níbẹ̀. Ibòmíràn ni wọ́n ti wá, ẹ̀sìn wọn sì yàtọ̀. Ọdún Egúngún náà ní àríyànjiyàn tirẹ̀, nípa àwọn obìnrin tí ojú ọ̀nà ń tì mọ́lé, àti nípa ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀ lé eégún. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ wà nínú ètò rẹ̀: agbo ilé kọ̀ọ̀kan mọ ipa tirẹ̀, ó mọ iye tí yóò san, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dá ọjọ́. Ìbàdàn tuntun ní irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ ọlọ́jà Bódìjà àti ti Dùgbẹ̀, ẹgbẹ́ awakọ̀ Challenge. Ìṣọ́ òru, iná mànàmáná àti gọ́tà ni wọ́n ń kó owó jọ fún. Wọn kò tíì kó o jọ fún orin.

Ìkádìí

Bí òǹkọ̀tàn bá fi àwọn ilé pín ìtàn Ìbàdàn tuntun sí ìgbà, ìtàn ìdàgbàsókè ni yóò rí: 1955, 1960, 1961, 1965. Bí ó bá fi ẹni tó dá ọjọ́ pín in, ìtàn mìíràn ni yóò jáde. Yóò rí ìlú kan tó ya ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù, tó ya owó rẹ̀ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, tó sì fi wọ́n ṣe ohun tí ayé kò gbàgbé, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Dùgbẹ̀ kò bá níbẹ̀. Yóò tún rí Ògúnmọ́lá tó gba ohun tí wọ́n yá a, tó sì sọ ọ́ di ti àwọn òǹwòran rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìwádìí lórí àṣà ìgboro ilẹ̀ Yorùbá yóò jèrè púpọ̀ bí ó bá wá àwọn ìwé àkọsílẹ̀ owó, ìwé ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò àti ìrántí àwọn ọlọ́jà, bí ó ti ń wá àwòrán àti eré. Inú wọn ni ìdáhùn wà sí ìdí tí òjò fi ń rọ̀ lórí àwọn gbọ̀ngàn títì ní ìhà kan ìlú, tó sì ń rọ̀ lórí eégún àti àwọn tó ń tẹ̀ lé e ní ìhà kejì.